Ẹ Bi Wá: Ṣé Iṣẹ́ Amọ̀ Lè Bọ́ Èèyàn ní Kánádà?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé bá wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ amọ̀ àti Kánádà ni wọ́n ń sọ, inú mi sì dùn gan-an torí iṣẹ́ yìí wà lọ́kàn mi, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń fojú iṣẹ́ ẹni tí ò ríbi lọ wò ó. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo gé wọn kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, seramíìkì ni mo ṣe, Apẹ̀tẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti jápa ní kí n máa bọ̀ ní Kánádà, ó ní àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ń rówó gan-an, pé kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, dọ́là 40 ni wọ́n ń tà á. Bàbá mi ní kí n yáa lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi amọ̀ jẹun níbẹ̀? (Ọmọ Apẹ̀tẹ́)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ ò purọ́. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n fọwọ́ mọ máa ń tó dọ́là 40 níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ ti ẹni tórúkọ ẹ̀ ti jáde. Àmọ́ jẹ́ ká jọ wo kọ́ọ̀bù yẹn dáadáa. Wàá kọ́kọ́ po amọ̀ kí atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀ lè jáde, wàá mọ ọ́n lórí ẹ̀rọ tó ń yí, wàá fi sílẹ̀ kó le díẹ̀ di ọjọ́ kejì kó o tó fá ìdí ẹ̀ kó o sì tó lẹ ọwọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kó máa rọra gbẹ, torí tí ọwọ́ bá yára gbẹ ju ara kọ́ọ̀bù lọ, ó máa là níbi tí wọ́n ti pàdé. Wàá sun ún lẹ́ẹ̀kíní, nǹkan bí 1,000 dígírì, wàá rì í sínú gíléèsì, ìyẹn omi tí wọ́n pò tó máa ń yọ́ di bíi gíláàsì lára ẹ̀ tí iná bá mú un, wàá tún sun ún lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó ń lo kílìn oníná níbẹ̀, ìyẹn ààrò tó ń lo iná mànàmáná, sábà máa ń gbé e dé bí 1,220 dígírì. Ká wá ní kò là, ká ní gíléèsì ò ṣàn wálẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ pẹpẹ kílìn, o gbé e fún ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá ẹ tà á, ṣọ́ọ̀bù yẹn lè mú tó ìdajì. Ó ku dọ́là 20, amọ̀ wà nínú ẹ̀, iná wà nínú ẹ̀, owó ilé wà nínú ẹ̀, o ò sì tíì jẹun.

Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn ò fi gbára lé ọ̀nà kan. Ẹni tó ń mọ abọ́ láàárọ̀ ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níṣẹ́ lálẹ́, ẹlòmíì ń tọ́jú kílìn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹlòmíì ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Ìparí ọdún ni ọjà máa ń yá jù, torí Kérésì. Ọjà ńlá kan wà ní Toronto tí wọ́n ń pè ní One of a Kind, ó ti wà láti 1975, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń pàtẹ níbẹ̀, amọ̀kòkò tó bá fẹ́ tà níbẹ̀ ò lè dúró di oṣù kọkànlá kó tó máa wá amọ̀, ó ti gbọ́dọ̀ máa kó ọjà jọ ṣáájú.

Owó ìjọba wà lóòótọ́. Canada Council for the Arts, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, máa ń fún oníṣẹ́ ọnà lówó kó lè jókòó ti iṣẹ́ ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pè jọ láti yẹ ìwé náà wò. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, ọmọ onílùú àti ẹni tó ti ní PR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ títí, ló lè béèrè fún un. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lo fi wọlé, má ka owó yẹn mọ́ owó tó o ní.

Ibi tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ wò lórí fóònù ẹ ni Medicine Hat, ní Alberta. Gáàsì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yẹn, amọ̀ sì wà nítòsí, ohun tó jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ abọ́ kóra jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Medalta lórúkọ ẹ̀ rìn jù nínú wọn, ó kógbá sílé ní 1954. Wọn ò wó o o, wọn ò sì fi kọ́ ilé epo. Wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, àwọn ààrò ńlá rìbìtì tí èèyàn ń wọ inú wọn lọ to abọ́ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, nínú ọgbà kan náà ni wọ́n sì ṣe sítúdíò sí, àwọn amọ̀kòkò láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ń wá gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kálukú ní àyè tiẹ̀, kílìn sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Banff Centre ní Alberta kan náà máa ń gba èèyàn bẹ́ẹ̀. Irú ibi báyìí lo lè kọ̀wé sí láti Apẹ̀tẹ́ níbí kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó físà lọ́wọ́ ẹbí. Ya fọ́tò iṣẹ́ ẹ dáadáa, lójú mọmọ, pẹ̀lú aṣọ tí kò ní àwọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, fọ́tò yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ ẹ́.

Ní ti bàbá ẹ, ìfẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá wù ẹ́, kọ́ ọ, tí kò bá wù ẹ́ má fi ìbẹ̀rù kọ́ ọ. Èmi ò sì ní sọ fún ẹ pé kó o tìtorí kọ́ọ̀bù olówó ńlá fi ilé sílẹ̀. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe so mọ́ ara wọn ló ń gbé wọn ró ju iye tí wọ́n ń ta ọjà lọ, màá dé orí ìyẹn nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Ọmọ mi obìnrin wà ní Toronto, iṣẹ́ báǹkì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti fi sílẹ̀, ó ní amọ̀ lòun fẹ́ máa mọ. Oṣooṣù ló ń sanwó síbì kan tí wọ́n ń pè ní sítúdíò, ó tún ń sanwó kí wọ́n tó bá a sun nǹkan tó mọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé wọn ò máa lù ú ní jìbìtì báyìí? Kí ló dé tí kò lè ṣe é nínú ilé ẹ̀? (Ìyá Bódìjà)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀, kì í ṣe jìbìtì. Inú fúláàtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ní Toronto, kílìn oníná sì ń fẹ́ wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀, iná 240 fólítì, ó ń fẹ́ ibi tí èéfín ẹ̀ máa gbà jáde, onílé wo ló máa gbà kẹ́ ẹ gbé nǹkan tó ń gbóná kọjá 1,000 dígírì sí yàrá? Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń lo sítúdíò àjọlò. Owó oṣù tó ń san, òun ni wọ́n fi ń fún un ní pẹpẹ tó lè kó nǹkan ẹ̀ sí, kó sì lè lo ẹ̀rọ nígbà tó bá fẹ́, owó sísun wà lọ́tọ̀, bí nǹkan bá ṣe gba àyè tó nínú kílìn ni wọ́n sábà fi ń gbà á. Ìgbà òtútù tún wà. Yìnyín máa ń mú amọ̀ lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ ẹrù, omi inú ẹ̀ á dì, tó bá wá yọ́ tán á rọ̀ lápá kan á le lápá kejì, wọ́n á tún un po látìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń ra amọ̀ wọn sílẹ̀ kí òtútù tó dé. Ẹni tó bá wà láàárín àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń tètè gbọ́ irú nǹkan báyìí, ẹni tó bá dá wà nínú ilé ẹ̀, àdánù ló máa fi kọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í léèrè rèé, torí ẹ̀yin lẹ bí i: ṣé omi ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn àbí ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a? Eruku amọ̀ gbígbẹ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, sílíkà wà nínú ẹ̀, téèyàn bá ń fà á símú fún ọdún púpọ̀ ó lè di àìsàn tí kò ní lọ mọ́. Sítúdíò tó dáa kì í gbálẹ̀ gbígbẹ. Ẹ tún bi í bóyá ó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, nítorí ní báǹkì, ọ̀gá ẹ̀ ló ń san ìdajì owó ìfẹ̀yìntì ìjọba yẹn, ní báyìí tó ń dá ṣiṣẹ́, òun nìkan ló máa san méjèèjì. Tí ọjà tó ń tà bá sì ju dọ́là 30,000 lọ láàárín ọdún kan, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó máa gba owó orí ọjà fún ìjọba.

Tẹ́ ẹ bá lọ kí i, ẹ ní kó mú yín lọ sí Gardiner Museum, ìgboro Toronto níbẹ̀ ló wà, 1984 ni wọ́n ṣí i, amọ̀ àti tánganran nìkan ló kún ibẹ̀. Ẹ máa rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí níyì. CBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Kánádà, pàápàá gbé ìdíje amọ̀ mímọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2024, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀ ni Brendan Tang, ẹni tó máa ń mọ ohun tó jọ ìkòkò Ṣáínà àtijọ́ kó wá dà bíi pé rọ́bọ́ọ̀tì ń jáde lára ẹ̀, Dublin ni wọ́n bí i sí, Trinidad làwọn òbí ẹ̀ ti wá, Kánádà ló ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé eré ọmọdé ló ń ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ìṣaasùn àti àmù ni mo ń tà l'Ọ́jà'ba, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún ìsọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé kan tó wá rajà sọ pé òyìnbó ló mọ iṣẹ́ amọ̀, pé tiwa ò lọ́ọ̀kán. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Oníṣaasùn)

Ìdáhùn: Irọ́ gbuu ni, ìyá mi. Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Michael Cardew, Bernard Leach ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní St Ives, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Cardew yìí wá sí Nàìjíríà, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́ tí a ń pè ní Suleja báyìí, ibẹ̀ ni Ladi Kwali ti dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, ìyá tó wà lára owó 20 náírà tẹ́ ẹ ń gbà lójoojúmọ́ yẹn. Ó ti mọ iṣẹ́ kó tó pàdé òyìnbó kankan, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ilé ẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ó máa ń rìn yí ìkòkò ńlá po ni bó ṣe ń mọ ọ́n. Ní nǹkan bí 1960, àwọn ọ̀dọ́ kan láti Vancouver ní Kánádà, John Reeve àti Glenn Lewis wà lára wọn, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach kan náà yẹn. Ẹ rí i pé ọ̀gá kan náà ló so Suleja pọ̀ mọ́ Vancouver. Magdalene Odundo tó jẹ́ ọmọ Kenya wá sí Abuja àtijọ́ yẹn ní 1974, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ladi Kwali, ní 2023 odidi Gardiner Museum ní Toronto ló pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀.

Kánádà gan-an, kí òyìnbó tó débẹ̀ ni àwọn obìnrin Iroquois, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ti ń fọwọ́ mọ ìkòkò láìlo ẹ̀rọ, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá Kánádà, ti Rankin Inlet, lókè réré níbi tí igi ò ti ń hù, bẹ̀rẹ̀ sí í mọ amọ̀ ní àwọn ọdún 1960 nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń wa irin kan tí wọ́n ń pè ní nickel pa dé tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n máa ń mọ ojú èèyàn àti ẹranko jáde lára ìkòkò. Tí àwọn ọmọ yẹn bá tún wá, ẹ ka èyí fún wọn.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́rin la fẹ́ dáwó ra kílìn sí Mọ́níyà. Àwọn ará ilé ní ìjà ló máa bí. Báwo làwọn ará Kánádà ṣe ń ṣe é tí wọn ò fi jà? (Ọ̀rẹ́ Mẹ́rin)

Ìdáhùn: Lẹ́tà tí mo fẹ́ràn jù rèé. Wọ́n ń jà nígbà míì o, èèyàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹgbẹ́ tó lófin. Ẹgbẹ́ amọ̀kòkò wà ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré, ní British Columbia, ní Ontario, wọ́n ń jọ ra amọ̀, wọ́n ń jọ háyà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàtẹ, ẹni tó bá sun kílìn á kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ wo, ìwọ̀n ooru wo, kí ló bà jẹ́. Tó bá jẹ́ kílìn onígi, sísun ẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan tọ̀sántòru, wọ́n á pín ara wọn, àwọn kan ń kó igi sí i, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń se oúnjẹ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn kì í fi bí wọ́n ṣe ń po gíléèsì pamọ́. Robin Hopper tó kúrò ní Ìlú Ọba wá gbé ní Kánádà, òun ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Bronfman tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kánádà, ní 1977, kíkọ́ àwọn ẹlòmíì lóhun tó mọ̀ nípa àwọ̀ àti gíléèsì ló fi ọ̀pọ̀ ayé ẹ̀ ṣe. Tony Hansen ní Medicine Hat gbé tiẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Digitalfire lorúkọ ẹ̀, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n eérú àti yẹ̀pẹ̀ kan á dì í mọ́yà títí dé sàárè. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ní Ìpetumodù àti ní Dada n'Ílọrin, ìta gbangba làwọn ìyá ti ń kó ìkòkò jọ, wọ́n á to igi àti koríko sí i, gbogbo ayé ń wò ó.

Ẹ ra onígáàsì, ẹ má gbára lé iná mànàmáná, torí tí iná bá lọ nígbà tí gíléèsì ń yọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ gbogbo yín ló máa bà jẹ́ pọ̀. Abẹ́ páànù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kẹ́ ẹ gbé e sí, sílíńdà gáàsì jìnnà sí i. Ẹ fi kone, ìyẹn amọ̀ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó máa ń tẹ̀ tí ooru bá tó, sínú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti lè yọjú wò ó, bó bá ti tẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé ó ti jinná, ẹ má kàn máa fojú díwọ̀n. Owó ẹ̀ ẹ ṣe é bí àjọ, kí olúkúlùkù máa dá iye kan lóṣooṣù fún àtúnṣe bó ti wù kó rí, kódà nínú oṣù tí kò sun nǹkan kan. Gíléèsì tuntun, orí àwo kékeré ni kẹ́ni tó ni ín ti kọ́kọ́ dán an wò, tó bá ṣàn tó ba pẹpẹ jẹ́, òun ló máa ra òmíì. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò lápò. Tẹ́ ẹ bá ti sun ti àkọ́kọ́, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ fi àwọn tó là mọ́ ọn, ká lè sọ fáwọn tó kù ohun tó fà á.