Fáìlì kì í di netCDF nítorí pé o yí orúkọ rẹ̀ padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin. Mo kọ iye òjò tó rọ̀ ní Ọ̀fà fún oṣù 12 sínú Notepad. Olùkọ́ mi ní netCDF, irú fáìlì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kó nọ́ńbà bí iye òjò sí, lòun fẹ́, mo bá yí ojo.txt padà sí ojo.nc. Kò ṣí. Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Tanke ní kí n san owó kí òun bá mi ṣe é. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Má san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí iṣẹ́ tí ètò ọ̀fẹ́ ń ṣe kí o tó ṣẹ́jú.

Àwo tí wọ́n bu ẹ̀kọ sí, tí wọ́n wá kọ "wàrà" sí lára, ṣé ẹ̀kọ inú ẹ̀ á di wàrà? Ètò tó ń ka netCDF kì í wo orúkọ, inú fáìlì ló ń yẹ̀ wò. Nínú netCDF ti àtijọ́, C, D àti F ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. NetCDF-4 ní àmì tirẹ̀, torí HDF5, irú fáìlì mìíràn, ló wà nídìí ẹ̀. Nọ́ńbà gan-an kì í ṣe ohun tí ojú lè kà níbẹ̀ mọ́. 112.4 tó gba àyè márùn-ún nínú Notepad á di báìtì mẹ́rin péré, tí kọ̀ǹpútà nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Tìrẹ ṣì jẹ́ lẹ́tà lásán, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí.

Ohun tí o máa kọ ni CDL, ìyẹn àpèjúwe tó ń sọ bí fáìlì náà ṣe máa rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣàpẹẹrẹ, nọ́ńbà ibẹ̀ kì í ṣe ti Ọ̀fà:

netcdf ojo {
dimensions: osu = 3 ;
variables: float ojo(osu) ;
ojo:units = "mm" ;
ojo:_FillValue = -999.f ;
data: ojo = 0, 112.4, _ ;
}

Tọ́jú u sí ojo.cdl, kí o wá kọ àṣẹ yìí síbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà (command prompt): ncgen -o ojo.nc ojo.cdl. Ncgen ni ètò tó ń sọ CDL di netCDF. Unidata ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Má gbàgbé -o o! Láìsí i, ńṣe ló kàn máa wo bóyá o kọ ọ́ dáadáa, kò ní ṣe fáìlì kankan.

Oṣù tí o kò wọn òjò, àmì _ yẹn ni kí o fi síbẹ̀, má fi 0. Òdo túmọ̀ sí pé òjò kò rọ̀ rárá, irọ́ sì nìyẹn.

Ncgen kò mọ̀ bóyá o ṣi nọ́ńbà kọ, n kò sì rí ìwé tìrẹ, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Fi ncdump tú ojo.nc padà sí lẹ́tà, kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí o kọ, oṣù kan tẹ̀ lé òmíì, kí o tó gbé e lọ bá olùkọ́ rẹ.