Ṣé mo lè fi int gba gígùn dátà nínú system call (ọ̀nà tí ètò fi ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ kernel) tí mo ń kọ sínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux?

Rárá, size_t, irú nọ́ńbà tí kì í kéré sí òdo, ni kó o lò. int máa ń gba nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Bí ètò kan bá fi -1 ránṣẹ́, àyẹ̀wò if (len > 4096) kò ní mú un, torí -1 kò ju 4096 lọ. Ṣùgbọ́n unsigned long (òun náà kì í kéré sí òdo) ni copy_from_user, fọ́ńṣọ̀n tó ń da dátà ètò sínú kernel, fi ń ka gígùn: lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 64, -1 yẹn á di 18446744073709551615. Kernel òde òní lè dá irú èyí dúró fúnra rẹ̀, àmọ́ má gbára lé e.

SYSCALL_DEFINE, macro kan nínú kernel, ni kó o fi kéde system call náà, má kọ ọ́ bíi fọ́ńṣọ̀n lásán. Ó máa ń gba ohun tó wà nínú register (ibi ìpamọ́ kékeré inú CPU) bíi long, kó tó yí i padà sí irú tó o kọ. Kí SYSCALL_DEFINE tó dé, lórí àwọn ẹ̀rọ oníbíìtì 64 bíi s390 àti PowerPC, kernel kàn gbà pé ẹni tó pè é ti tọ́jú bíìtì 32 tòkè dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹni ibi lè kó ohunkóhun síbẹ̀. Àléébù ààbò tí wọ́n pè ní CVE-2009-0029 nìyẹn.

Fún flags (bíìtì tó ń sọ àṣàyàn), unsigned int ni kó o lò. Fún offset fáìlì (ibi tí a dé nínú fáìlì), loff_t.