Èèyàn Ogún Ń Bọ̀ Wá Jẹun Kérésìmesì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré ni a ní ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, àwọn ẹbí ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wa, tí wọ́n tó ogún, sì ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ Kérésìmesì. Báwo ni n kò ṣe ní lo gbogbo ọjọ́ náà nídìí ààrò?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ata ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹ ra tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo ní ọjà Ọ̀yìngbò, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìsà ní ọjọ́ 22, nítorí pé ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ kì í gba àyè, kì í sì í jẹ́ kí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Kóńgò ìrẹsì méjì yóò tó.

Bí ẹ bá ra odidi adìẹ tó dì gbagidi, inú fìríìjì ni kí ó ti yọ́, ó sì lè gbà tó ọjọ́ kan gbáko. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lásán nínú ooru Èkó yìí.

Ẹ háyà àga oníke, kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ yín ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí àga wọn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, nítorí bí òórùn ìrẹsì bá ti kàn wọ́n nímú, wọn yóò dìde wá gba ṣíbí lọ́wọ́ yín.