Káàdì àwọn ọmọ tí kò tíì lórúkọ: ṣé owó tiẹ̀ wà níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Gbogbo owó tí wọ́n bá fún ọmọ mi, káàdì béésìbọ́ọ̀lù ló ń fi rà, kì í sì ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ o, àwọn ọmọ tí ò tíì dé líìgì ńlá ni. Páálí bàtà méjì ti kún. Ó ní òun máa fi san owó yunifásítì. Ṣé òótọ́ ni àbí kí n kó o dà nù? — Ìyá Oníkáàdì

ÌDÁHÙN: Ẹ má dà á nù o, ìyá wa! Ọmọ yín ò purọ́, ó kàn fi apá kan pamọ́ fún yín ni. Ọdún 2009 tí ẹgbẹ́ Angels mú Mike Trout níbi tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá ti ń ṣa àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, èèyàn 24 ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe tiẹ̀, Bowman tó ń tẹ káàdì àwọn ọmọ tuntun wá tẹ ọ̀kan fún un lọ́dún yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo láyé, ó sáìn ẹ̀, nígbà tó fi máa di 2020 tí Trout ti di gbajúmọ̀, wọ́n lù ú ní gbàǹjo lé ní mílíọ̀nù 3.9 dọ́là. Ìtàn yìí ni ò jẹ́ kí àwọn tó ń kó káàdì jọ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè Brien Taylor. Òun ni ẹgbẹ́ Yankees kọ́kọ́ mú ní 1991, mílíọ̀nù 1.55 dọ́là ni wọ́n san fún un, àwọn èèyàn ń kó káàdì ẹ̀ jọ, àfi bó ṣe lọ jà ní December 1993 tí èjìká ẹ̀ bàjẹ́, kò dé líìgì ńlá títí ayé. Lónìí ẹ máa rí káàdì ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ rà ní owó táṣẹ́rẹ́, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ yàlàyòlò nígbà yẹn.

Jasson Domínguez, ọmọ Yankees míì, ńkọ́? Káàdì ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó ní 2020 nígbà tí ò tíì gbá eré kankan tí wọ́n ń sanwó fún. Ní 2023 ó gbá eré àkọ́kọ́ ẹ̀ ní líìgì ńlá ní Houston yín níbẹ̀, home run (kó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá) ló fi bẹ̀rẹ̀, ariwo sọ, eré mẹ́jọ péré ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ó di iṣẹ́ abẹ.

Torí náà ẹ jókòó ti páálí yẹn. Èyí tó bá jẹ́ Bowman, ẹ wo iwájú ẹ̀ bóyá wọ́n tẹ “1st” sí i, ìyẹn ni pé káàdì Bowman àkọ́kọ́ ọmọ náà ni, òun ni wọ́n ń wá jù. Ẹ wò ó bóyá ọmọ yẹn sáìn ẹ̀, tàbí kí nọ́ńbà bíi 12/50 wà lára ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé 50 péré ni wọ́n tẹ̀. Ẹ di etí ẹ̀ mú o, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀, igun tó bá ti fọ́ díẹ̀ báyìí owó ti lọ nìyẹn. Ìyókù tí kò ní ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó máa fi ṣeré, ẹ má san owó fún PSA, ilé iṣẹ́ tó ń fún káàdì ní máàkì, kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, owó yẹn lè ju iye káàdì lọ.

Tí wọ́n bá wá kéde pé wọ́n ti pe ọ̀kan nínú wọn sókè sí líìgì ńlá, lójú tèmi, kí ó ta ìdajì tiẹ̀ nígbà tí ariwo ṣì wà. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ní tiwọn, kó ta gbogbo ẹ̀ pátá, apá wọn kì í pẹ́ bàjẹ́.