Ọmọ mi dúdú lẹ́yìn iná jọ́ńdíìsì: ṣé wọ́n sun ún ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ ni ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní jọ́ńdíìsì ni, wọ́n sì gbé e sábẹ́ iná búlúù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dára, a ti délé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ní pupa ti wá dúdú, àfi abẹ́ pampers àti ibi tí wọ́n fi nǹkan bò lójú. Ìyá ọkọ mi ní àwọn nọ́ọ̀sì ti yan ọmọ òun bí ẹní yan àgbàdo, màmá náà sì ti ra ọṣẹ tí yóò dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Ṣé yóò padà? Ṣé iná yẹn ò ti ba nǹkan mìíràn jẹ́? — Ìyá ìkókó, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé ọṣẹ yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà pé ó ń tún àwọ̀ ṣe, bíbó ló ń bó awọ. Mákúrì tó jẹ́ májèlé, tàbí oògùn líle tí à ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, wà nínú òmíràn, awọ ìkókó sì fẹ́lẹ́ débi pé á gbé e wọnú ẹ̀jẹ̀.

Wọn ò yan ọmọ yín. Ìmọ́lẹ̀ ni iná búlúù yẹn, kì í ṣe iná ìdáná. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá gbó tó sì fọ́, ohun kan tí à ń pè ní bílírúbìn máa ń jáde nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ìkókó ò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ni bílírúbìn ṣe ń pọ̀ tó ń sọ ojú àti awọ di àwọ̀ ìyeyè. Ìmọ́lẹ̀ á wá yí èyí tó wà lábẹ́ awọ padà sí irú tó lè yòrò sínú omi, ọmọ á yà á, á sì tọ̀ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣàn, tó sì rí bí ewé, nígbà tẹ́ ẹ wà ní wọ́ọ̀dù.

Ní ti dídúdú, awọ tiwa kì í rí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin kó má fèsì. Ohun tó ń mú awọ dúdú á pọ̀ sí i, bó ṣe ń ṣe àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan ní pápá Campos. Ibi tí wọ́n bò ò rí ìmọ́lẹ̀, kò sì dúdú. Ààlà tẹ́ ẹ rí nídìí pampers yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Á ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, láìfi nǹkan kan pa á. Ẹ tún wo etí ọmọ àti ìdí èékánná rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí jù mí lọ: ọmọ pupa tí etí rẹ̀ dúdú, ilé dúdú ló ń lọ, ó rí iná tàbí kò rí i.

Ṣùgbọ́n irú dúdú kan wà tí n kì í fi ṣeré. Ó máa ń rí bí idẹ tó ti pẹ́ nínú àjà, bí eérú tí wọ́n pò mọ́ kòkó. Láti 1972 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ tí òróòro rẹ̀ ò ṣàn dáadáa láti inú ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun ló máa ń ṣe: ohun tí ìmọ́lẹ̀ yí padà ò rí ọ̀nà jáde, ó wá dúró sínú ẹ̀jẹ̀ àti awọ. Lára aláwọ̀ dúdú, ó rọrùn láti ṣi èyí mú fún ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ fi awọ sílẹ̀, pampers ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ gbé pampers náà lọ sójú fèrèsé láàárọ̀, ẹ má fi gílóòbù wò ó. Ìgbẹ́ ìkókó tó ń mu ọmú máa ń rí bí ìyeyè tàbí bí ewé. Tó bá funfun bí ẹfun, tàbí tó rí bí ògì funfun, ó ní nǹkan tó ń dí òróòro lọ́wọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ náà, bí omi lásán ló yẹ kó rí. Tó bá ń fi àmì sílẹ̀ bí omi àgbo, ẹ má dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Àwọ̀ idẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ọmọ lára, òun náà á lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni à ń wá. Àwọn ọmọ kan wà tí ojú ọ̀nà òróòro wọn dí pátápátá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n nílò, ó sì ń dára jù tí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ọṣẹ lè jẹ nínú 60 yẹn.

Màmá lè ní kẹ́ ẹ máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti dán oòrùn wò fún jọ́ńdíìsì níbí l'Ékòó, ní ilé ìwòsàn Island Maternity, ìwádìí náà sì jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà oníke tó ń sẹ́ ìtànṣán burúkú dànù ni, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń wọn ìgbóná ara ọmọ. Ẹ̀yìnkùlé yín kọ́ nìyẹn. Kánfọ̀ ńkọ́, tó bá wà láàárín aṣọ ọmọ? Ẹ kó o kúrò lónìí, ẹ tún aṣọ náà fọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò gbà á, á fọ́, jọ́ńdíìsì á sì padà.

Tí kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́, tó ń ké kíkankíkan, tàbí tó ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, òru yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá sí èyí, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n nígbà tó bá pé ọjọ́ 14, ẹ gbé e padà wá, ẹ ní kí wọ́n yẹ bílírúbìn oríṣi méjèèjì wò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí àti èyí tí kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ di pampers tó yàgbẹ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn sínú nájílọ̀n, ẹ mú un dání wá.