Má fi iyọ̀ sí omi tó o fẹ́ fi bọ́ ìpẹtà ara ẹ́ńjìnnì

Àbúrò mi ní Apẹ̀tẹ́, mo rí ìbéèrè rẹ lórí ẹ̀rọ ìlọta tí bàbá rẹ fi sílẹ̀: wákàtí mélòó ni kí wíìlì irin rẹ̀ àti kíránkì lò nínú omi tí a ki iná ṣájà bátìrì bọ̀, kí ìpẹtà tó ṣí. Mo tún rí ẹni tó dá ọ lóhùn pé iyọ̀ ìsebẹ̀ ni kó o dà sínú omi náà. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́, má dán an wò.

Ní 2019, ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ ló sọ ohun kan náà fún mi. Mo bu iyọ̀ agolo mílíìkì kan sínú bókẹ́ẹ̀tì. Mo fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo yọ igi dúdú inú rẹ̀, òun ni mo fi ẹnu pupa ṣájà há. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà ni. Òjò ń rọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́wẹ́, inú mi ń dùn. Kò pẹ́ tí òórùn kan bíi ti Hypo gba gbogbo ibẹ̀. Dípò kí n sá, ṣe ni mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí irin ṣe ń ṣe. Ojú mi ń ta, ọ̀fun mi ń jó, àyà mi dì bí ìgbà tí wọ́n fi okùn fún un. Ikọ́ ò jẹ́ kí n lè pariwo. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wọ́ mi jáde sínú òjò.

A dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká lọ gba káàdì ná. Dókítà ò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ibà ni. Mo ń sọ pé gáàsì ni mo fà símú, ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun. Lóru ọjọ́ yẹn, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó ni mo fi mọ́jú, mò ń mí bí ẹni tó sáré. Ilé ìwòsàn kejì ni wọ́n ti fi ọ́síjìn sí mi nímú. Gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní chlorine ni iná fà yọ lára iyọ̀ yẹn, ìyẹn sì lè dunni ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tó bá ṣe ọ́, sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, má jẹ́ kí wọ́n pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá yẹn. Ẹni tó fi ìwé ẹ̀rí kọ́ ara ògiri, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ!

Soda ash táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà ni kó o lò, ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà 4. Kì í ṣe caustic soda táwọn aláàdìrẹ ń lò o, ìyẹn ń bó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Bókẹ́ẹ̀tì oníke ni kó o lò, kó o to ọ̀pá irin bíríkìlà yí inú rẹ̀ ká láì kan ohun tó o ń fọ̀. Ẹnu dúdú sára wíìlì rẹ, ẹnu pupa sára ọ̀pá. Tó o bá gbé e gbòdì, ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ni yóò máa jẹ.

Má fi ṣíbí tàbí ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì rọ́pò ọ̀pá yẹn. Chromium, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, ń di májèlé nínú omi, àwọn kan sì ń da omi bẹ́ẹ̀ sí gọ́tà tí ọmọdé ń ṣeré létí rẹ̀. Alumíníọ̀mù pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: písítìnì, kábúrétọ̀, àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù. Omi soda ash yìí á jẹ ẹ́ títí á fi dúdú. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ ni mo fi ń dán an wò: tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ wọnú omi.

Kíránkì ńkọ́? Èmi ò ní rì í. Háídírójìn, gáàsì tó ń hó jáde lára irin nínú omi yẹn, máa ń wọ inú irin líle, irin náà á wá máa tètè kán. Kẹ́rọ́sì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kó o fi fọ̀ ọ́, sípíríìnì náà bẹ́ẹ̀. Háídírójìn yìí kan náà ń gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, kò gbọdọ̀ sí sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Pa ṣájà níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì kó o tó ṣí ẹnu rẹ̀, torí ìtaná kékeré ti tó.

Wákàtí tó o bèèrè gan-an: láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń sílẹ̀, mi ò kí ń sùn tì í. Tó bá pẹ́ sí i, kò ní jẹ irin tó dára. Tí ìpẹtà bá ti di ẹrẹ̀ dúdú, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà gbọ̀n ọ́n kúrò, nù ún, sá a, kó o sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí nínú ọ̀rinrin Ìbàdàn yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti pupa padà. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín, yọ ṣájà kúrò lára ògiri kó o tó tọwọ́ bọ omi, torí wọn kì í sọ fún wa ìgbà tí wọn yóò mú un padà.