Oṣù mẹ́rin láìrí nǹkan oṣù, o ní ìsinmi ni?

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún padà sí ìlà tó kẹ́yìn. Ojú ìwé méjì gbáko lo fi sọ̀rọ̀ irùngbọ̀n. Ọmọ ọdún 26 ni ọ́, ará Òmù-Àrán, Ìlọrin lo ti ń ṣiṣẹ́, ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n so yìgì yín. Láti ọmọ ọdún 17 ni irun ti ń hù lágbọ̀n rẹ, ó ti dé àyà, ó ti dé ìsàlẹ̀ ìdodo, híjáàbù lo fi ń bò ó. O ní kí n bá ọ mú ọ̀kan nínú abẹ, ìpara tó ń yọ irun, wáàsì tí wọ́n fi ń fa irun tu, àti lésà, ìyẹn iná ẹ̀rọ tó ń jó gbòǹgbò irun, èyí tí ọkọ rẹ ò fi ní mọ̀ láéláé. Nísàlẹ̀ pátápátá lo wá jù ú sílẹ̀ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá: "Nǹkan oṣù mi náà kì í wá déédéé, ó lè tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí i, àmọ́ ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu, ìsinmi ló jẹ́ fún mi."

Ìsinmi kẹ̀! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Inú ń bí mi, kì í sì í ṣe ìwọ nìkan ni mò ń bínú sí. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìpara ni wọ́n máa ń béèrè, kò sì sí èyí tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ti bi rí pé, "Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?" Ìyá tìrẹ ní obìnrin tó bá nírùngbọ̀n á lówó. Ohun tí ìyá tèmi sọ fún àbúrò mi náà nìyẹn.

Mo ṣì ń rí àbúrò mi yẹn lọ́kàn mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti gbé dígí kékeré sójú fèrèsé, á mú ẹ̀mú, á máa fa irun àgbọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi á dé ojú rẹ̀. Tó bá fà á tán, á máa fi ìka wá àwọn kókó tó wà lábẹ́ awọ. Irun tiwa ká, tí a bá fà á, èyí tó bá tún hù lè ká wọnú ẹran padà, ibẹ̀ á wú, á ní ọyún, tó bá jinná á fi àpá dúdú sílẹ̀. Àtíkè ló ń fi bo àpá yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ìgbà tó relé ọkọ, tí ọdún kẹta pé tí kò lóyún, ni dọ́kítà kan tó bi í ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í nílé wa. Obìnrin mẹ́fà la sì jẹ́ nínú ilé yẹn.

Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú hòmóònù tó ń mú ọkùnrin hu irùngbọ̀n. Tó bá ti pọ̀ jù, irun tó le á máa hù níbi tí ti ọkùnrin ń hù sí. Òun náà lè máà jẹ́ kí ẹyin já lóṣooṣù, tí ẹyin ò bá sì já, nǹkan oṣù ò ní wá lásìkò. Ohun tó sábà máa ń fa méjèèjì pọ̀ ni àìṣedéédéé hòmóònù obìnrin tí àwọn dọ́kítà ń pè ní PCOS. Nínú obìnrin 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ó tó ẹyọ kan tó ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì mọ̀. N ò sọ pé òun ló ń ṣe ọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù ni yóò sọ. Àmọ́ tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí o ò rí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, awọ inú ilé ọmọ lè máa nípọn sí i láìrí ọ̀nà jáde. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ á máa pọ̀ sí i. PCOS tún lè kó àtọ̀gbẹ báni, nítorí náà kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Lọ́sẹ̀ yìí, kọ ọjọ́ tó o rí nǹkan oṣù rẹ nígbà mẹ́fà tó kẹ́yìn sínú ìwé, kó o mú un lọ bá dọ́kítà àwọn obìnrin, ì báà ṣe ní Jẹ́nẹ́rà tàbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Má lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gbòogi tó máa ní òun fẹ́ fọ ilé ọmọ fún ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kà á, tí irun yìí bá ṣàdédé hù láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn yín ń ki bíi ti ọkùnrin, ẹ má dúró dọ̀la, nítorí kókó kan nínú ara lè wà nídìí rẹ̀.

Abẹ tó o béèrè, fá a. Irọ́ ni pé fífá ń mú irun pọ̀ sí i. Orí irun tí abẹ gé ló tẹ́jú, ìdí nìyẹn tó fi ń gún ọwọ́. Fi omi àti ọṣẹ rin ín, lo abẹ tuntun, fá a síbi tí irun dorí kọ. Ìpara, àfi èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ti ojú ni, kó o kọ́kọ́ dán an wò lápá, má sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí i. Lẹ́bú ìyọrun aláìlórúkọ tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà, má fi kan ojú rẹ. Fi wáàsì àti ẹ̀mú sílẹ̀ ná. Lésà lè jó awọ dúdú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ló bá tiwa mu jù, tí wọn ò bá lè sọ orúkọ ẹ̀rọ wọn fún ọ, gbé báàgì rẹ. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, tí wọn ò bá tíì tọ́jú hòmóònù, irun tuntun á tún máa yọ. Oògùn dọ́kítà pàápàá, ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kí irun tó dín kù. Kò sí èyí tó máa parí kí wọ́n tó so yìgì yín.

Nítorí náà, sọ fún un. Kí ọkọ ẹni má mọ̀ láéláé? Ṣé inú igbá ìrẹsì lo fẹ́ máa fi abẹ pamọ́ sí títí dọjọ́ ogbó? Tó bá jẹ́ PCOS, ẹ lè nílò ìrànlọ́wọ́ kí oyún tó dúró, oògùn tó ń mú ẹyin já sì wà. Òun ni àbúrò mi lò. Ọmọ méjì ló bí. Ó ṣì ń fá àgbọ̀n rẹ̀ láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ra abẹ.

Tó o bá ti rí dọ́kítà, kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ tó o rí nǹkan oṣù kẹ́yìn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà.